Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Ẹ Bá Wa Dá Àbùdá Adìyẹ Ìbílẹ̀ Sí

Ẹgbẹ́ àwa tí ń sin adìyẹ ìbílẹ̀,
Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣogbo.

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Àwa tí à ń sin adìyẹ ìbílẹ̀ tí a sì ń tà á ní Ìgbóǹnà àti Ọjà Ọba la kọ̀wé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀, níbi tí a ó ti máa sin abólọ́rùn àti adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, kí àkùkọ àgíríìkì má baà da ìran wọn rú tán.

Ẹ wo abólọ́rùn lọ́sàn-án gangan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgíríìkì á ti lanu, á tú apá sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Abólọ́rùn á ṣì máa talẹ̀ jẹun lẹ́bàá ògiri, torí ọrùn rẹ̀ tí kò ní ìyẹ́ ni ooru ara ń gbà jáde. Ọ̀pọ̀ rò pé oòrùn ló bó o. Rárá o. Àyípadà kan ló ṣèèṣì wọ inú àbùdá baba ńlá rẹ̀. Níbi tí ooru bá ti mú, adìyẹ tó bá jogún rẹ̀ ló ń rọ́jú yè, tó ń yé, tó ń pa, títí ìran rẹ̀ fi pọ̀. Bí òròmọdìyẹ bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ọrùn á bó, ìdì ìyẹ́ kékeré á kù níwájú rẹ̀. Bó bá gbà á lọ́dọ̀ ìyá àti baba, ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dán.

Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí akọ rẹ̀ bá gun abo rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ni ìyẹ́ wọn á máa ṣẹ́, tí á máa já dànù. Nítorí náà la ṣe ń fi akọ rẹ̀ gun abo tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ á jọ baba. Èyí kò ṣe é ṣe nínú agbo ilé tí àkùkọ gbogbo àdúgbò ń wọ̀.

A ò bá àgíríìkì jà; ó ń yé ju tiwa lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣa èyí tó ń yé jù láti ìran dé ìran, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò mọ bí a ti ń sàba mọ́. Bí ọmọ àdàlù rẹ̀ bá gba gbogbo agbo ilé, ta ni yóò sàba fún ìyá àgbà tí adìyẹ mẹ́ta péré ń jẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀? Ara adìyẹ ìbílẹ̀ kan náà ni Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Abẹ́òkúta ti yọ irú adìyẹ tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha. Bí a bá jẹ́ kí ti Òṣogbo parun, kò sí ibi tí a ó ti rà á padà.

Àwa la ó kọ́ ilé adìyẹ, àwa la ó bọ́ wọn. Ẹ kàn fún wa nílẹ̀, kí ẹ sì rán dókítà ẹran sí wa kí ọyẹ́ tó dé, kó wá kán àjẹsára àrùn lúkúlúkú sójú wọn.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.