Ẹ Wá Ibi Tí Gáàsì Ti Ń Jò Kí Ẹ Tó Rọ Òmíràn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ooru. Àwọn tó ní ọkọ̀ nínú àwọn òǹkàwé yín ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí owó tí wọ́n ń fi ṣòfò lórí AC ọkọ̀ ń dùn mí gan-an. Bí AC bá ti ń fẹ́ ooru, kíá ni wọ́n á ní, "Gáàsì ló tán." Wọ́n á rọ ọ́, á tutù fúngbà díẹ̀, á tún di ooru. Gáàsì AC kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Inú páìpù ló ti ń yí po, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá tán láàárín oṣù díẹ̀, ó jò ni, ojú ibi tó ti jò kò sì tíì dí.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gáàsì, ẹ tan ọkọ̀, ẹ tan AC, kí ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri inú páìpù, níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá. Púlì rẹ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí, á máa yí ní tirẹ̀. Àwo irin pẹlẹbẹ tó wà níwájú púlì ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí AC bá wọlé, ẹ ó gbọ́ "kọ́", àwo náà á sì máa bá púlì yí. Bí kò bá yí, ó lè jẹ́ fíúùsì, rìléè, wáyà tó já, tàbí kọ́ọ̀lì (wáyà wíwé tó ń fi iná fa àwo náà mọ́ púlì) tó jóná. Ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti lọ sílẹ̀ débi tí súwíìṣì fi gé iná kúrò.

Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́. Ẹlòmíì á fa wáyà láti ara bátìrì tààrà sí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kó lè yí tipátipá. Ẹ má gbà fún un! Gáàsì ló ń gbé òróró tí kì í jẹ́ kí irin ha irin káàkiri, òun náà ló ń gbé e padà sínú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Bí gáàsì kò bá tó, irin á máa ha irin, eérú irin á sì dà lọ sínú kọ̀ńdẹ́ńsà, èyí tó wà níwájú ọkọ̀ tó ń lé ooru gáàsì jáde, àti sínú fáàfù kékeré tí gáàsì ń gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ tí ì bá parí sórí rọ́bà kékeré kan tó ń dí oríkèé páìpù á wá di ríra gbogbo ẹ̀rọ náà.

Bí AC bá ń tutù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ gáàsì. Ẹ wo fáànù iwájú bóyá ó ń yí, kí ẹ sì wo kọ̀ńdẹ́ńsà bóyá ẹrẹ̀ àti kòkòrò ti dí i. Omi tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, torí omi alágbára a máa tẹ ewé irin tín-ín-rín ara rẹ̀ pọ̀.

Ẹ fọwọ́ kan páìpù AC tó tóbi jù nínú méjì tó wọ inú ọkọ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣọ́ra fún fáànù àti bẹ́líìtì o. Bí páìpù náà bá tutù tó sì ń làágùn, síbẹ̀ tí atẹ́gùn inú ọkọ̀ kò tutù, gáàsì kọ́. Fílítà inú ọkọ̀ lè ti dí, tàbí kí ilẹ̀kùn kékeré tó ń pín ooru àti òtútù lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ti há.

Ẹ̀yìn èyí ló kan gééjì méjì tí wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì ní ìwọ̀n psi: búlúù fún ìhà tí agbára ti kéré, pupa fún ìhà tó ti ga. Bí ọkọ̀ tó ń lo irú gáàsì tó ń jẹ́ R-134a bá ti sinmi, tí ojú ọjọ́ wà ní nǹkan bí 30°C, gééjì méjèèjì á wà nítòsí 95 psi. Ìyẹn kò sọ pé gáàsì pé o. Ó kàn sọ pé ó kù síbẹ̀ ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nínú ooru wa, tí búlúù wà láàárín 30 sí 45, tí pupa wà ní nǹkan bí 200 sí 250, ó dára. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, gáàsì dín. Bí búlúù bá ga tí pupa sì kéré, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ti ń rẹ̀. Bí pupa bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ padà sórí fáànù, tàbí kí gáàsì ti pọ̀ jù.

Ibi tí òróró bá ti rin ara páìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ sí gbogbo oríkèé àti ẹnu fáàfù tí wọ́n ń gbà rọ gáàsì. Bó bá ń hó, ẹ ti rí i. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa atẹ́gùn àti omi inú rẹ̀ jáde fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì dúró wò ó. Bí ọwọ́ gééjì bá ń padà sókè, ó ṣì ń jò, tàbí kí omi ṣì kù nínú rẹ̀. Omi tó bá kù sínú a máa di yìnyín nínú fáàfù kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, a sì máa jẹ irin.

Orí òṣùwọ̀n ni kí ìgò gáàsì wà nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́. Iye gíráàmù wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì; ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kì í ju 450 sí 600 lọ. Bébà náà ló ń sọ irú gáàsì tó ń lò: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ti kúrò lórí R-134a, R-1234yf ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi gáàsì ìdáná dípò rẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyẹn bá jò sínú ọkọ̀, iná bíńtín ló kù.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ AC ọkọ̀ kan, Ìbàdàn