Lẹ́tà sí Bọ́láńlé ní Leipzig

Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Bọ́láńlé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Sàìkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rántí nígbà tí olùkọ́ wa sọ pé Leipzig tí o wà ní Jámánì yẹn gan-an ni Wilhelm Wundt, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú Sàìkọ́lọ́jì, dá yàrá ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ sí lọ́dún 1879. Díẹ̀ ló kù kí n nawọ́ sókè pé mo ní èèyàn níbẹ̀!

Àmọ́ ti Skinner, onímọ̀ Sàìkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, ló wọ̀ mí lára jù. Ó máa ń fi ẹyẹlé sínú àpótí. Bí ẹyẹlé bá ti fẹnu kan bọ́tìnnì kan lára ògiri àpótí, oúnjẹ á já bọ́. Èyí tó ń rí oúnjẹ ní gbogbo ìgbà, bí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, kì í pẹ́ jáwọ́. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rí i, tí kò mọ ìgbà tí yóò já bọ́, kò ní í sinmi. Àwọn ọmọkùnrin tó ń kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá ti jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó parí fún un.

Ti ilé wa tún jùyẹn lọ. O mọ Tòbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá ti ilé ìwé dé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, bisikíìtì ló máa béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi á ní rárá. Á sunkún, wọ́n á ní rárá. Kí oníbàárà ṣáà wọlé báyìí, á dùbúlẹ̀, á máa fẹsẹ̀ gbá páálí ọṣẹ, ojú á ti ìyá rẹ̀, wọ́n á sì ju bisikíìtì sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́kún o. Bó bá ti sunkún, ẹ má fún un rárá." Mo kìlọ̀ fún wọn pé ẹkún náà máa kọ́kọ́ le sí i kó tó rọlẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí.

Ó le lóòótọ́, gbogbo Sábó gbọ́! Ẹ̀gbọ́n mi dúró gbọin. Ìyá ẹlẹ́kọ ẹ̀gbẹ́ wa ló yọjú: "Kí lọmọ ọlọ́mọ ṣe fún yín?" Ni wọ́n bá fún un ní àkàrà. Lọ́jọ́ kejì, Màmá wa yọ́ bisikíìtì fún un lẹ́yìnkùlé. Bọ́láńlé, ẹyẹlé Skinner kò ní ìyá àgbà! Nínú agboolé, gbogbo àgbà ló ní oúnjẹ lọ́wọ́, bí ẹnì kan ṣoṣo bá sì rọ̀, a ti sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn, èyí tó burú jù. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní Màmá ni kí n lọ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe Tòbí.

"Ìwé lo kà, èmi ni mo bí yín," ni Màmá fi dá mi lóhùn. A ṣáà ti ṣe àdéhùn: bó bá dé, tó kí àwọn àgbà, tó jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n lè fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó bá ìwé mu, ó bá Màmá lára mu. Ẹkún ti ń dín kù, àfi ọjọ́ Àìkú tí àbúrò bàbá wa bá wá kí wa.

Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ńkọ́, kí ni àwọn ìyá ń ṣe bí ọmọ bá dùbúlẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù? Kọ ọ́ sí mi dáadáa, mo fẹ́ kà á fún ẹ̀gbọ́n mi. Màmá ní kí n kí ọ.

Èmi ni,
Fọlákẹ́