Ó wà, Màámi

Leeds, Ìlú Ọba

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí gbogbo ará ilé l'Ọ̀fà Ìyẹ̀rú Ọ̀kín. Àbúrò mi ni yóò ka ìwé yìí fún yín. Kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní, "Àjàní, bí kò bá sí, ṣáà wí pé kò sí." Màámi, ó wà. Ọjọ́ tí mo gbowó iṣẹ́ gan-an ni mo ti fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ránṣẹ́, kí n tó san owó ilé pàápàá. Mi ò lè ro ẹjọ́ yìí tán lórí fóònù tó ń já ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé láàárọ̀ yìí, tí mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, tí mi ò tíì bọ́ bàtà.

Ilé iṣẹ́ tí mo gbà fi owó ránṣẹ́ ló kọ́kọ́ dá a dúró. £180 ni. Wọ́n ní kí n mú ìwé owó oṣù wá, kí n mú àkọsílẹ̀ àkáǹtì oṣù mẹ́ta wá, kí n sọ ohun tí ẹ jẹ́ sí mi àti ohun tí ẹ fẹ́ fowó ṣe. Mo mọ̀ pé òfin ni, torí àwọn tó ń gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbé owó olè kọjá. Síbẹ̀ ó dùn mí. Èmi tí mò ń gbé arúgbó dìde lóru, tí mò ń wẹ̀ fún wọn, tí mò ń pààrọ̀ aṣọ wọn, èmi ni wọ́n ń bi pé níbo ni mo ti rówó. Mo kọ ọ́ fún wọn pé ìyá mi ni, oògùn ni. Odindi ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá wọlé tán, báńkì ilé tún gbé tiwọn dé. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí owó má jáde nínú àkáǹtì tí a kò so BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, àti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́. Tiyín kò ṣe é so, torí orúkọ yín lórí méjèèjì kò bára mu: ọ̀kan fi "u" parí orúkọ yín, ìkejì ò fi. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Owó yín ń bẹ níbẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ló dí i lọ́nà.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ ní dọ́là ni kí wọ́n máa fi san owó tó bá ti òkè òkun wá, ẹ sì ń lọ sí Ìlọrin lọ wá ẹni tó máa ṣẹ́ ẹ. Ní oṣù Kejì ọdún 2023 ńkọ́, tí wọ́n pààrọ̀ owó bébà? Owó wà ní àkáǹtì, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi owó ra owó lọ́dọ̀ oní-POS, ẹ ò sì sọ fún mi àfi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo gbọ́.

Àwọn ará ilé ní pọ́ùn ti gbówó lórí. Òótọ́ ni. Kí náírà tó já ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, £100 kò ju nǹkan bíi ₦60,000 lọ ní báńkì, ó sì ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n oògùn náà ti gbówó lórí. Fún èmi, £180 ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òru méjì lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má ní kí n gba àkáǹtì ẹlòmíràn fi owó ránṣẹ́ o. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí, ó pẹ́ kó tó dọ́wọ́ yín, nígbà tó sì dé, kò pé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi mú yín lọ sí ọ́fíìsì NIN n'Ìlọrin, kí wọ́n bá yín tún orúkọ náà ṣe. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ìbúra ní kóòtù, kẹ́ ẹ sì tètè jí. Ẹ má fún àwọn tó ń dúró síta lówó. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí àwọn adigunjalè wọ báńkì l'Ọ̀fà, tí ẹ gbọ́ ìró ìbọn láti ìsọ̀ yín ní Owódé, àyà yín kì í balẹ̀ níwájú báńkì. Àbúrò mi á dúró tì yín títí ẹ ó fi jáde.

Kó tó dìgbà náà, ọ̀rẹ́ mi kan n'Ìlọrin ti bá mi ra oògùn ọ̀sẹ̀ méjì. Á fi rán awakọ̀, àbúrò mi á lọ gbà á ní gáréèjì. Àbúrò mi náà ló sọ fún mi pé ẹ ti ń gé oògùn sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, odindi ni kẹ́ ẹ lò.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàní