Owó Tó Ti Lórúkọ

Àbẹ̀kẹ́ mi, báwo ni ìwé? Ṣé ara le? Mo mọ̀ pé wàá máa rẹ́rìn-ín pé kí ló dé tí màámi ń kọ lẹ́tà, nígbà tó jẹ́ pé láti geeti UI dé ìsọ̀ wa ní Bódìjà kò ju kéèyàn wọ Micra kan lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kàn bà jẹ́ ni, "hẹ́lò màámi, mi ò gbọ́ yín o," tó bá sì jẹ́ ojúkojú, kọ́sítọ́mà á dé, wọ́n á ní èló ni kóńgò èlùbọ́, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Mo wá jókòó lálẹ́ yìí, iná wà, mo ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn ni. Nígbà tó o ní owó oṣù yìí ti tán tá a ò tíì ju ọjọ́ kẹrìndínlógún lọ, mi ò bínú tó bó o ṣe rò. Mo kàn ní kó o ṣí fóònù ẹ ká wo ibi tí owó gbà jáde ni. Àwa méjèèjì la jọ kà á. 50,000 ni mo fi ránṣẹ́. Ṣàwámà lẹ́ẹ̀mẹrin. Dátà 500, dátà 500, dátà 1,000, bí ẹni tó ń ra omi inú ọ̀rá. Àwọn oní-POS náà jẹ tiwọn níbẹ̀, torí o ń gba 2,000 lónìí, 1,500 lọ́la, gbogbo ìgbà tó o bá sì lọ ni wọ́n ń yọ owó iṣẹ́ wọn. Èyí tó wá ká mi lára jù ni 12,000 tí mo ní kó o fi ra ìwé, owó ti lọ, ìwé ò sí. O ní, "Màámi, mo yá a lò ni, mo fẹ́ dá a padà." Lọ́wọ́ ta lo ti yá a? Lọ́wọ́ ara ẹ?

Mi ò fẹ́ bú ẹ, torí èmi gan-an ti ṣe é rí, mi ò kàn sọ ọ́ létí ẹ ni. Ṣé o rántí ọdún tí ẹ̀gbọ́n ẹ wálé lọ́sẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣèdánwò? Ohun tá a sọ fún ẹ ni pé ara ẹ̀ ò yá. Ara ẹ̀ yá o. Owó iléèwé ẹ̀ ni mo fi ra gbòdò, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́.

Oṣù kejì ti ń parí lọ nígbà yẹn, 85,000 tí mo fi ọdún kan dá lọ́wọ́ alájọ wà nílẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ owó sísan pé. Oníbàárà mi kan wá pè mí láti Ìgbòho pé gbòdò pọ̀ nílẹ̀, tí mi ò bá wá kó o báyìí ó máa gbówó lórí. Mo ṣírò ẹ̀ nínú orí mi, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mo ti tà á, owó ìwé á padà sáyè ẹ̀, èrè á wà lórí ẹ̀, ta ló máa mọ̀? Àfi bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ká ọkọ̀ mọ́jú ọ̀nà tí tapólìn sì ti ya. Nígbà tá a fi máa já ẹrù, àwọn àpò tó wà lókè ti rin gbingbin, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti bu, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ìsọ̀ kan. Mo sá èyí tó ṣeé sá. Ìyókù, ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló wá kó o, owó tó san kò tó owó ọkọ̀ tí mo fi gbé e wá. Mo sáré lọ yáwó ní kọ́pá, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mo san owó iléèwé pẹ̀lú owó ìtanràn àwọn tó pẹ́, ṣùgbọ́n ìdánwò méjì ti kọjá lórí ẹ̀gbọ́n ẹ, ọdún kejì ló tó rí wọn ṣe. Kò bi mí léèrè rí títí dòní. Ó sàn kó bú mi.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń sọ owó lórúkọ. Káàdì àjọ mẹ́ta tó o máa ń rí nínú dúrọ́ọ̀ mi yẹn, ọ̀kan owó ìwé Àbẹ̀kẹ́, ọ̀kan owó ilé, ọ̀kan owó ọjà. Alájọ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí òun kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọwọ́ òun sinmi, ṣebí owó ọjọ́ kan náà lòun máa mú fún iṣẹ́ òun nínú oṣù. Mo ní kó máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ọjà bá fẹ́ pa mí, màá lọ yá, mi ò ní fọwọ́ kan káàdì tìẹ.

Bó o ṣe máa ṣe é níbẹ̀ rèé. Tí álátì mi bá ti wọlé, kó o tó jáde ní yàrá, ìwé kékeré kan, kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Owó oúnjẹ ni kó o kọ́kọ́ ṣe, má dúró kí ebi máa rán ẹ lọ síta ní alaalẹ́. Ìwọ àti àwọn rúùméètì ẹ méjì yẹn, ẹ dá owó jọ, ẹ wá sí Bódìjà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, màá mú yín lọ sọ́dọ̀ ìyá onígàrí tí kóńgò ẹ̀ máa ń kún dé orí. Gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹ pín in síra. Dín ata tó gbẹ dáadáa, kì í tètè bà jẹ́. Ìyókù owó, pín in sọ́nà mẹ́rin, gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí oní-POS má baà sọ ẹ́ di kọ́sítọ́mà gidi. Owó ìwé àti owó hándáàtì, gbé e lọ sí akáǹtì kejì tí kò ní ATM. Ṣàwámà náà lórúkọ tiẹ̀, mi ò ní kó o má jẹ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó.

Ti yàrá Agbowó tó o ń sọ, rárá. Owó ọdún kan, agírímẹ́ǹtì, kọmísọ̀n, o ò tíì ra bẹ́ẹ̀dì. Fara da họ́ọ̀lù.

Ó wá ku lóònù ìjọba, NELFUND yẹn. Mo ti ní kí ọmọ ìyá aláta ìsọ̀ kejì ṣàlàyé ẹ̀ fún mi dáadáa. Tinubu buwọ́ lu òfin ẹ̀ lóṣù kẹrin 2024, oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣí póta ẹ̀. NIN, BVN àti nọ́ńbà JAMB ẹ ni wọ́n máa béèrè. Owó iléèwé, iléèwé ni wọ́n ń san án fún tààrà, kò ní kan ọwọ́ ẹ, 20,000 tí wọ́n ń fún ọmọ iléèwé lóṣù ló ń wọ akáǹtì ẹ. Kò lélé lórí. Tó o bá sìnrú ìlú tán, ó di ọdún méjì kí wọ́n tó máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ, ọ̀gá tó gbà ẹ́ síṣẹ́ ló máa yọ ọ́. Kọ́pá tèmi ń gba èlé, mi ò lè wá sọ pé èyí burú. Gba ti owó iléèwé. Èyí tí mo ti ń dá sí káàdì ẹ, màá máa dá a lọ lórúkọ ẹ, ìyẹn la máa fi san án.

20,000 yẹn ni mi ò fẹ́. Oṣù mẹ́wàá péré, ó ti di 200,000, gbèsè tó bá ń wọlé bí owó oṣù, èèyàn kì í mọ̀ pé gbèsè ni. Tí ọjà mi bá dẹnu kọlẹ̀, èmi fúnra mi màá sọ fún ẹ, a jọ máa gbà á.

Àwọn àpù ayánilówó orí fóònù ńkọ́? O mọ ohun tí wọ́n fojú ọmọ àbúrò mi rí torí 8,000 ọlọ́jọ́ méje. Títí kan èmi ni wọ́n fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí, wọ́n kọ olè sí i lórí. Tó bá le, tèmi ni kó o pè, kódà kó jẹ́ aago kan òru.

Ìyá àgbà ẹ, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti 1955 ló gbé wọn dé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló parí sí. UI ti wà láti 1948, iwájú ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà kọjá tí wọ́n bá ru ẹrù bọ̀ láti Ọ̀jọ́ọ̀, wọ́n ní àwọn máa ń rò pé ọgbà òyìnbó ni. Wọ́n ṣì máa ń bi mí lójoojúmọ́ pé ṣé o ti jẹun.

Ti 12,000 yẹn, mi ò ní fi òmíràn ránṣẹ́. Wá sí ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé méjì yìí, wá bá mi ta ọjà láti àárọ̀, màá san owó ọmọṣẹ́ fún ẹ, kó o fi ra ìwé náà. Mo ti wọn èlùbọ́ kóńgò méjì sínú ọ̀rá fún ẹ. Ẹ jọ̀ọ́ ma, rọ́bà ọbẹ̀ tó lómọrí pupa tẹ́ ẹ gbé lọ lọ́jọ́sí, ẹ bá mi gbé e bọ̀.

Màámi