Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ

Èbúté Mẹ́ta, Èkó.

Àkànní ọmọ mi,

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó wa ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún ọ ṣì wà nínú báàgì kọ̀ǹpútà rẹ, o ò tíì tú páálí rẹ̀. Má bá a jà o. Èmi ni mo fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

N kò ní fi ikú dẹ́rù bà ọ́. Nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ti rí àwọn tí ẹ̀rù bà débi pé wọn ò fẹsẹ̀ kan ọsibítù mọ́. Láwọn ọdún 1950, ìjọba Amẹ́ríkà ń fi ẹ̀rọ yẹ àyà èèyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ikọ́ ife, wọ́n tiẹ̀ ń fi ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ náà lọ bá wọn ládùúgbò, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ò yọjú. Ìwádìí fi hàn pé ẹni tó gbà pé àìsàn náà lè mú òun, tó sì gbà pé àyẹ̀wò lè ran òun lọ́wọ́, ló ń lọ jù. Ìwọ náà, orí ò fọ́ ọ, ara ò ro ọ́, lo ṣe rò pé dókítà ń ṣàṣejù. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni nǹkan kan kì í ṣe títí tí rọpárọsẹ̀ fi máa dé.

Mo mọ bí ọjọ́ rẹ ṣe ń rí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí o ti wà lórí Third Mainland, ò ń sáré lọ sí Marina, ebi ń pa ọ́, oní-gàlá àti onímínírà ń sá tẹ̀lé ọkọ̀. Ta ló máa rántí oògùn níbẹ̀? Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, nítorí náà má búra fún mi. Gbé oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ, kí o sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé: "Bí mo bá ti fọ ẹnu tán, mo máa lo oògùn." Peter Gollwitzer, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, ti fi hàn pé ẹni tó bá dá ìgbà àti ibi tó ti máa ṣe nǹkan a máa ṣe é ju ẹni tó kàn ní in lọ́kàn lọ.

Kò ní mọ́ ọ lára lọ́sẹ̀ kan. Ní University College London, wọ́n tọpa èèyàn 96 tó ń kọ́ àṣà tuntun. Nǹkan bí ọjọ́ 66 ló gba àwọn tó wà láàárín, tàwọn kan yá ní ọjọ́ 18, tàwọn mìíràn sì lè tó 254. Ẹni tó gbàgbé lọ́jọ́ kan ò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí ìwọ náà bá gbàgbé, má lo méjì pọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Iyọ̀ ńkọ́? Kó má ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, ìyẹn ò tó ṣíbí tíì kan, mágí náà sì wà nínú ìṣirò o. Mo ti ní kí ìyàwó wa gbé ìgò iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Kò gbọ́dọ̀ di ìjà.

Bí oògùn náà bá ń mú ọ wúkọ́, tàbí ó ń wú ọ lẹ́sẹ̀, sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Má dá a dúró fúnra rẹ. Bí ẹ bá wá lọ́jọ́ Sunday, màá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ. Wàá kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, láìsọ̀rọ̀, láìtẹ fóònù.

Èmi ni,
Màmá rẹ.