Ogún ìṣẹ́jú péré la lò nídìí òkúta Clava

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ìwé ìròyìn. Àwa Yorùbá tá a wà ní UK, tẹ́nì kan bá ti ní òun lọ sí Highlands ní Scotland, ohun tá a máa bi í ò ju pé ṣé ó rí ẹranko abàmì tí wọ́n ní ó wà nínú omi Loch Ness. Èmi náà bèèrè kí n tó lọ, mi ò ní purọ́, àmọ́ ibojì òkúta àtijọ́ tó wà ní Clava ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé yìí.

Èmi àtìyàwó mi wọ bọ́ọ̀sì kékeré ní Inverness láàárọ̀ Sátidé kan, awakọ̀ náà ló tún ń ṣàlàyé ibi tá a bá dé fún wa. Loch Ness la kọ́kọ́ lọ, omi yẹn gùn tó kìlómítà 37, ó jìn ju mítà 220 lọ, ó wá dúdú bí àgbo torí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tí òjò ń fọ̀ wọnú ẹ̀. Etí omi yẹn ni Urquhart Castle, ilé olódi àtijọ́ kan, wà, ó ti wó kù sí ààbọ̀, mo rò pé ọjọ́ ogbó ló wó o, àṣé àwọn sọ́jà ìjọba tó ń gbébẹ̀ ló fi ẹ̀tù bú u lọ́dún 1692 nígbà tí wọ́n ń lọ, káwọn Jacobite, ìyẹn àwọn tó ń jà kí ìdílé Ọba James lè padà sórí ìtẹ́, má bàa rí i lò. Kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù!

Ibẹ̀ la wà fún wákàtí kan ààbọ̀ o, ìdajì ẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù, táwọn èèyàn ń ra bèbí ẹranko omi. Ó kan Culloden, pápá tí wọ́n ti pa àwọn Jacobite nípakúpa lọ́jọ́ 16 oṣù kẹrin 1746, ogun tí ò tó wákàtí kan.

Ìgbà tá a wá dé Clava, tí ò jìnnà síbẹ̀ rárá, ni awakọ̀ wa ní ká má pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, òkìtì òkúta ńlá mẹ́ta, òkúta gàgàrà yí kálukú wọn ká, ibojì ni, ó ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún, irin ò tíì dé ilẹ̀ wọn nígbà yẹn! Méjì nínú ẹ̀ ní ọ̀nà tóóró tó wọnú, ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí láàárín ọ̀gínnìtìn gan-an ni wọ́n kọ ojú ọ̀nà náà sí. Ta ló wọ̀n ọ́n fún wọn? Wọn kì í gbowó ìwọlé níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù, bóyá ìyẹn gan-an ló fà á tí wọ́n fi ń lé wa.

Torí náà ẹ bá mi sọ fáwọn tó fẹ́ lọ, kí wọ́n tó sanwó kí wọ́n bèèrè iye ìṣẹ́jú tí wọ́n máa lò ní Clava, tí ò bá tó, kí wọ́n wá takisí gbé ara wọn lọ. Ìyàwó mi ti ní ká padà lọ ní December ká lọ wo bí ìtànṣán ṣe ń wọnú ihò yẹn, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán níbẹ̀ lásìkò yẹn. Òtútù ẹ̀ lèmi ń rò.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Glasgow