Lẹ́tà sí Bàbá nípa ibi ìwakùsà Benallt

Pwllheli,
Àríwá Wales, Ìlú Ọba.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìrí ara wa. Inú mi dùn nígbà tí Kọ́lá sọ fún mi pé ẹ̀yìn tí ń dùn yín ti ń rọlẹ̀, àti pé ẹ ti padà sí àgbẹ̀dẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ máa fi ewìrì fínná.

Ẹ bi mí lórí fóònù bóyá òótọ́ ni wọ́n ń wa irin ní agbègbè tí mo ń gbé. Máńgáníìsì, mẹ́táàlì kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ irin, ni wọ́n wà jù, irin sì bá a rìn. Benallt ni orúkọ ibi ìwakùsà náà, lẹ́bàá abúlé Rhiw, lórí òkè tí ó dojú kọ òkun. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń wa ilẹ̀ ní àdúgbò náà, ọdún 1945 sì ni wọ́n ti Benallt pa. Kò tóbi rárá.

Bí orúkọ máńgáníìsì tilẹ̀ ṣàjèjì sí yín, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a ń fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, tí a ń gún ẹ̀dú inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ewé láti fi kun pátákó ìkọ̀wé, máńgáníìsì ni ó pọ̀ nínú ìyẹ̀fun dúdú yẹn. Mo gbé ègé òkúta kan lórí òkìtì tí àwọn awakùsà dà sílẹ̀: ó wúwo ju bí ó ti tóbi lọ, ó sì sọ àtẹ́lẹwọ́ mi di dúdú.

Ohun tí ó ń ṣe nínú irin ni yóò wù yín jù. Nígbà tí Henry Bessemer, ará Ìlú Ọba kan, gbé ọ̀nà tuntun rẹ̀ fún ṣíṣe sítíìlì jáde ní 1856, irin tí ó ń ti ibẹ̀ jáde máa ń fọ́ lábẹ́ ọmọ owú nígbà tí ó bá pọ́n, nítorí ọ́síjìn àti imí-ọjọ́ tí ó kù sínú rẹ̀. Robert Mushet, onímọ̀ irin kan, ni ó rí i pé bí a bá fi irin tí ó ní máńgáníìsì sí i, àbùkù náà yóò lọ. Lẹ́yìn náà, ní 1882, Robert Hadfield ṣe irú èyí tí máńgáníìsì inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 12 nínú 100: bí a bá ṣe ń lù ú tó ni ó ń le sí i tó. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe eyín ẹ̀rọ tí ń fọ́ òkúta.

Àwọn onímọ̀ sọ pé ìsàlẹ̀ òkun ni ilẹ̀ yìí wà nígbà tí kùsà náà ń kó jọ, ó lé ní 450 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Irin àti máńgáníìsì jọ máa ń yọ́ sínú omi tí kò ní ọ́síjìn, ṣùgbọ́n bí omi náà bá pàdé ọ́síjìn, irin ni ó kọ́kọ́ ń dì, tí máńgáníìsì yóò sì bá omi lọ síwájú kí ó tó dì. Ẹrẹ̀ bò wọ́n, ẹrẹ̀ di òkúta, òkúta yíyọ́ sì ti ìsàlẹ̀ ya wọ àárín wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ká kò, ìpele kùsà já sí ègé-ègé, tí ó fi jẹ́ pé awakùsà lè máa bá a bọ̀ kí ó sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Òkúta tiwa ní Màpó dàgbà ju èyí lọ.

Ní Benallt ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àwọn òkúta bíi banalsite, pennantite àti cymrite mọ̀ ní gbogbo ayé. Òmíràn wà níbẹ̀, jacobsite, tí irin àti máńgáníìsì jọ wà nínú rẹ̀, tí mágnẹ́ẹ̀tì sì ń fà.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó mú kí iṣẹ́ tún gbóná níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń gbógun ti ọkọ̀ tí ń kó ẹrù bọ̀ láti òkèèrè. Nsuta ní Gold Coast (Ghana òde òní) wà lára ibi tí Ìlú Ọba ti ń rí máńgáníìsì. Albert Kitson, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ni ó rí i níbẹ̀ ní 1914, ọkùnrin kan náà tí ó rí èédú ní Udi lọ́dọ̀ wa ní 1909. Ó yà mí lẹ́nu pé òkè kékeré báyìí ni wọ́n sá tọ̀ nígbà tí ọ̀nà Áfíríkà le.

Ẹ ti sọ fún mi rí pé òkìtì ìdàrọ́, pàǹtí tí iléru irin dà sílẹ̀, wà lẹ́yìn abà wa. Ẹ bá mi ní kí Kọ́lá ya fọ́tò rẹ̀, kí ó sì mú ègé kan pamọ́. Bí ó bá wúwo gan-an, irin ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí iléru àtijọ́ kì í yọ irin tán. Màá fi owó oògùn yín ránṣẹ́ kí oṣù tó parí. Ẹ bá mi kí Màmá àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéọlá